Omi Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Lé Jáde: Ilé Alámọ̀ Àtijọ́ ní Òṣogbo

Olùbéèrè

Ilé náà nìyí: Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ló wà, amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n fi síméńtì rẹ́ ojú rẹ̀. Yàrá mẹ́fà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn láàárín. Páànù ti dógùn-ún, ọ̀dà ń ṣí láti ilẹ̀ títí dé orúnkún, ikán ti wọ pákó fèrèsé. Tọkọtaya tó ni ín fẹ́ fọwọ́ ara wọn tún un ṣe kí òjò tó dé, kí wọ́n sì kùn ún. Ibo ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀? Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ ní kúlẹ̀kúlẹ̀. “Ẹ lọ pe bíríkìlà” nìkan ò tó.

Bíríkìlà Òkè-Baálẹ̀

Ẹ kú ìmúra o. Ẹ má tíì náwó sórí ọ̀dà. Èyí tó ń ṣí láti ilẹ̀ dé orúnkún yẹn, omi ló ń lé e jáde. Àwọn tó ń mọ ilé alámọ̀ láyé àtijọ́ kì í tẹ́ ọ̀rá sáàárín ìpìlẹ̀ àti ògiri, torí náà ògiri ń fa omi ilẹ̀ sókè bí òwú fìtílà ṣe ń fa epo. Ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun tí odò ò jìnnà, ilẹ̀ kì í gbẹ tán. Omi orí páànù náà tún ń já sí ẹsẹ̀ ògiri, ó ń ta ẹrẹ̀ padà sí i lára.

Ìta ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Lára ilé tó ti pẹ́, erùpẹ̀ tí ọ̀gbàrá ń gbé wá máa ń gun ògiri, títí ilẹ̀ ìta yóò fi ga ju ilẹ̀ inú ilé lọ. Kí wọ́n fi ọkọ́ kó o kúrò, kí ilẹ̀ ìta fi íǹṣì 6 rẹlẹ̀ sí ti inú. Ẹ má gbẹ́ ẹ dé ìpìlẹ̀ o. Ìpìlẹ̀ ilé alámọ̀ kì í jìn, ẹni tó bá wú u síta, ó ń pe ilé wó ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ da kọnkéré yí ilé ká, ẹsẹ̀ bàtà 2 ní fífẹ̀, kó dà kúrò lára ògiri bí íǹṣì 1. Àpò síméńtì 1, bárò iyanrìn 1, bárò òkúta wẹ́wẹ́ 2. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣì ṣe ni pé wọ́n máa ń lẹ kọnkéré yìí mọ́ ògiri gbáà. Omi tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò ní í rí ibòmíì gbà, ògiri ni yóò gùn. Ẹ fi íǹṣì 2 sílẹ̀ láàárín ògiri àti kọnkéré, kí ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ kún un, kí ọ̀rinrin lè máa mí síta níbẹ̀.

Ẹ wá yí sí ògiri fúnra rẹ̀. Ẹ fi oríkèé ìka kan pílásítà rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ibi tó bá dún kì, ẹ fi sílẹ̀. Ibi tó bá dún bí igbá òfìfo, síméńtì ti já kúrò lára amọ̀. Kò sí ọ̀dà tó lè dì í mú. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì yí i ká, kí ẹ gé e ní igun mẹ́rin, kí ẹ tó kó o kúrò. Bí ẹ bá ń fi òòlù lù ú káàkiri láìgé etí rẹ̀, èyí tó dára yóò bá èyí tí kò dára lọ.

Bí ẹ bá rí nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun lára ògiri, iyọ̀ inú ilẹ̀ ni. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kí ẹ fi gbá a. Ẹ má fi omi fọ̀ ọ́. Ṣe ni yóò yọ́, tí yóò padà sínú ògiri, tí yóò tún jáde lábẹ́ ọ̀dà tuntun.

Báwo ni wọn yóò ṣe mọ̀ pé ògiri ti gbẹ? Ẹ gé ọ̀rá ẹsẹ̀ bàtà 1 sí 1, ẹ fi téèpù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ògiri, kó sùn síbẹ̀. Tí ìkán omi bá wà nínú ọ̀rá lọ́jọ́ kejì, ẹ ṣì ní sùúrù.

Ọmọ Àyétòrò

Ẹ̀gbọ́n bíríkìlà, ṣé bí wọ́n bá kun ìsàlẹ̀ ògiri yẹn ní ọ̀dà olóròró aláwọ̀ ilẹ̀, bí ẹsẹ̀ bàtà 3, kò ní í yanjú ẹ̀? Ọ̀pọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní Òṣogbo ló rí bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ọmọdé kì í sì í bà á jẹ́.

Bíríkìlà Òkè-Baálẹ̀

Àbúrò, lára ògiri búlọ́ọ̀kù tó gbẹ, kò burú. Lára alámọ̀ tó ń fa omi, ọ̀dà olóròró dà bí ìgbà tí ẹ fi ọ̀rá di ẹnu ìkòkò tó ń hó. Omi kò ní í jáde síwájú mọ́, yóò gòkè. Ọ̀rinrin tó wà ní orúnkún yóò dé ìbàdí, ọ̀dà olóròró fúnra rẹ̀ yóò sì wú bí ara tí iná jó. Ọ̀dà olómi lásán ni kí wọ́n lò níbẹ̀, tàbí ẹfun. Tó bá dọ̀tí, wọ́n á tún un kùn.

Ní ti ríré rẹ̀ padà: síméńtì púpọ̀ ló ń pa ilé alámọ̀. Amọ̀ máa ń wú nígbà òjò, ó ń sún kì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, síméńtì líle kì í bá a lọ. Àpò 1 sí bárò iyanrìn 3 ti tó. Bí ẹ bá rí láìmù, ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń pò mọ́ síméńtì, àpò síméńtì 1, láìmù tó ìwọ̀n kan náà, iyanrìn ìlọ́po 6, ìyẹn tilẹ̀ sàn jù. Iyanrìn tí wọ́n ti jọ̀ ni o, tí kò ní erùpẹ̀ nínú.

Ẹ kọ́kọ́ kan wáyà onínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń ṣe ilé adìẹ mọ́ ògiri, kí ìṣó gùn tó íǹṣì 3 kó lè wọ amọ̀ dáadáa. Ẹ wọ́n omi sí amọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹ má bù ú dà á, amọ̀ yóò yọ́. Ìrẹ́ àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ nípọn tó ìdajì íǹṣì, kí ẹ fi ìṣó ha á lára kó tó le kí ìkejì lè dì í mú. Ọjọ́ 2 lẹ́yìn náà, ẹ rẹ́ ìkejì. Tó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, ẹ máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ 7. Atẹ́gùn ọyẹ́ máa ń fa omi inú síméńtì jáde kó tó dì. Ìyẹn ló ń fà á tí pílásítà oṣù Kejìlá fi máa ń là wẹ́wẹ́ bí ojú ìkòkò àtijọ́.

Ihò kéékèèké nínú amọ̀, amọ̀ kan náà ni kí ẹ fi dí i, kí ẹ pò ó mọ́ koríko gígé. Ẹ má fi síméńtì dí i.

Ẹ ṣọ́ ibi tó là o. Wẹ́wẹ́, ẹ dí i. Èyí tó gba ìka, tó ń gba igun fèrèsé lọ lọ́nà ìdábùú, tó sì fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ, ìpìlẹ̀ ló ń rìn. Ẹ fi pẹ́ńsù fàlà sí òpin rẹ̀ méjèèjì, ẹ kọ déètì sí i. Bó bá kọjá àlà yẹn láàárín oṣù mélòó kan, ẹ pe ẹnjiníà. Tọkọtaya ò lè dá ìyẹn ṣe.

Onípáànù

Kí wọ́n tó fọwọ́ kan inú ilé, kí òrùlé má jò mọ́. Kí ẹnìkan wọ inú àjà lọ́sàn-án gangan, kí ìkejì ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ ni òjò ń gbà wọlé. Ihò ìṣó ni èyí tó pọ̀ jù. Ẹ yọ ìṣó àtijọ́, kí ẹ fi èyí tó ní rọ́bà lọ́rùn dípò rẹ̀, orí ìgbì páànù ni kí ó wà. Ẹni tó bá kàn án sínú kòtò páànù, ó gbẹ́ ọ̀nà sílẹ̀ fún omi. Tí ẹ bá fi ìṣó gún páànù tó wọlé láìlo òòlù, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kí tuntun gun ara wọn ní ìgbì 2 lẹ́gbẹ̀ẹ́, íǹṣì 6 lókè sísàlẹ̀. Orí pákó tí igi gbé ni kí ẹ máa tẹ̀, ẹ má tẹ páànù tó ti dógùn-ún.

Pákó tí ikán ti jẹ: ẹ fi ọ̀bẹ gún un. Tó bá wọlé bí ẹni gún búrẹ́dì, ẹ gé e dé ibi tó le, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ fi òògùn ikán pa tuntun ní ẹ̀ẹ̀mejì, pàápàá ojú ibi tí ayùn gé. Àwọn káfíńtà máa ń lo ọ́ìlì dúdú tí wọ́n fà lára mọ́tò. Ó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀ lórí igi òrùlé. Ẹ má fi pa férémù ilẹ̀kùn àti fèrèsé tẹ́ ẹ máa kùn, yóò máa yọ jáde lójú ọ̀dà ní àwọ̀ ilẹ̀, kò ní í tán.

Ọ̀rọ̀ àjà kò ṣeé fojú kékeré wò. Ọ̀pọ̀ àjà ilé àtijọ́ ló jẹ́ asibẹ́sítọ́ọ̀sì. Bí kò bá tíì fọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ kàn kùn ún ni. Ẹ má fi ayùn gé e, ẹ má fi sáńpépà họ ọ́: eruku rẹ̀ ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ń fa jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Bó bá di dandan kó kúrò, ẹ wọ́n omi sí i kó rin gbingbin, ẹ yọ ìṣó rẹ̀, ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀ lódidi, ẹ wé e sínú ọ̀rá. Ẹ má gbá ilẹ̀ náà ní gbígbẹ.

Akunlé Òròkí

Àwọn bàbá ti sọ̀rọ̀. Ọ̀dà wá kù.

Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ nu ògiri àtijọ́. Bó bá funfun, ẹfun ni wọ́n kùn tẹ́lẹ̀, ọ̀dà tẹ́ ẹ bá lé e lórí yóò ká bí awọ ẹ̀fọ́ gbígbẹ. Ẹ ha á, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì líle gbọ̀n ọ́n, kí ẹ fi puráímà, ọ̀dà tí wọ́n ń kọ́kọ́ kùn sábẹ́ ọ̀dà gidi, pa á kó lè di ìyókù mú. Ibi tó bu dúdú: blíìṣì ìwọ̀n 1, omi ìwọ̀n 4, kó wà níbẹ̀ bí ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tó ṣàn án. Ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ má da òògùn fífọ ṣáláńgá mọ́ ọn láéláé, afẹ́fẹ́ olóró ló ń yọ.

Ọ̀dà olóròró àtijọ́ lára ilẹ̀kùn àti fèrèsé lè ní òjé nínú. Ẹ fi omi rin sáńpépà kí ẹ tó fi họ ọ́, kí eruku má fò. Ẹ wọ ìbòmú. Aboyún àti ọmọdé ò gbọdọ̀ sí nílé lọ́jọ́ náà.

Ní ti kíkùn, ibí ni jíjẹ́ méjì ti wúlò jù. Ẹnìkan ń fi búrọ́ọ̀ṣì íǹṣì 2 fá etí àjà àti igun, ìkejì ń fi rólà íǹṣì 9 tẹ̀ lé e kí etí tó gbẹ. Bí ẹlẹ́búrọ́ọ̀ṣì bá fá gbogbo yàrá tán kí rólà tó bẹ̀rẹ̀, etí yóò hàn bí férémù fọ́tò. Ògiri kan lẹ́ẹ̀kan, ẹ má dúró láàárín rẹ̀ lọ jẹun. Tí ẹ bá fẹ́ jà, kó di igun.

Omi tẹ́ ẹ ó fi pò rọ́bà ọ̀dà olómi lítà 20: lítà 4 fún ìkùn àkọ́kọ́ lára pílásítà tí kò tíì rí ọ̀dà rí, lítà 1 sí 2 fún ìkejì. Ẹni tó bá dà á jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìkùn mẹ́rin ni yóò kùn. Kẹrosíìnì nínú ọ̀dà olóròró náà, mo mọ̀ pé gbogbo ènìyàn ló ń ṣe é. Kì í jẹ́ kó gbẹ bọ̀rọ̀, ó sì ń pa dídán rẹ̀. Tínà tí wọ́n kọ sára agolo ni kí ẹ rà.

Ìyá Ọlọ́dà Ìgbọnà

Ẹ jẹ́ kí n ṣírò rẹ̀ fún wọn kí wọ́n má bàa lọ ra àràjù. Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12, gíga 10. Àyíká rẹ̀ 48, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 10: 480. Ẹ yọ ilẹ̀kùn 1 àti fèrèsé 2 kúrò, ó kù bí 427, ìyẹn nǹkan bíi mítà 40 níbùú lóòró. Ìkùn 2 jẹ́ 80. Lára ògiri tó dán, lítà 1 ń gba bíi mítà 8 sí 10. Ti àtijọ́ tó ń mu ọ̀dà lè máà ju 6 lọ. Nítorí náà, lítà 10 sí 13 fún yàrá kan. Yàrá mẹ́fà, rọ́bà 4 ni, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò sí nínú ẹ̀.

Nọ́ńbà tó wà lára rọ́bà kọ̀ọ̀kan ni kẹ́ ẹ wò, kó jẹ́ ọ̀kan náà. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ìkòkò ńlá kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí àwọ̀ rọ́bà méjì kì í rí bákan náà bó bá gbẹ. Ọ̀dà olómi máa ń ṣókùnkùn sí i tó bá gbẹ, ẹ kun ẹsẹ̀ bàtà 2 sí 2 wò ní ògiri tí oòrùn ń kọjú sí àti èyí tí kì í rí oòrùn.

Bí iwájú ilé náà bá sì ní ọnà Àgùdà, ìyẹn ti àwọn tó ti Brazil dé, àwọn òdòdó àti igun tí wọ́n fi síméńtì mọ sára fèrèsé, ẹ má fi òòlù kàn án. Òṣogbo ṣì ní irú ilé bẹ́ẹ̀. Èyí tí olóògbé Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, gbé lọ́nà Ìbòkun wà lára wọn. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí ẹ fi nù ún, kí ọ̀dà rẹ̀ ṣàn. Ọ̀dà tó ki máa ń dí ojú ọnà.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Kọkànlá, ṣé wọ́n lè parí kí òjò tó dé?

Akunlé Òròkí

Kí wọ́n parí òrùlé àti kọnkéré ìta nínú oṣù Kọkànlá, kí wọ́n rẹ́ ògiri nínú Kejìlá. Pílásítà tuntun gbọ́dọ̀ lo ọjọ́ 28 kó tó rí ọ̀dà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kẹ́míkà inú síméńtì yóò jẹ àwọ̀ rẹ̀. Èyí já sí pé ìparí oṣù Kìíní ni wọ́n á kùn, òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í múra ní oṣù Kẹta. Àkókò wà. Iná mànàmáná nìkan ni kí wọ́n fi lé oníṣẹ́ lọ́wọ́, kí wọ́n sì pa súìṣì àgbà kí wọ́n tó yọ ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì kankan láti kùn ún.

Ilẹ̀kùn àti fèrèsé ni kó gbẹ̀yìn, torí eruku ọyẹ́ máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀dà olóròró tútù. Ẹ yọ wọ́n kúrò lára férémù, ẹ tẹ́ wọn sílẹ̀ nínú yàrá tẹ́ ẹ ti fi omi wọ́n ilẹ̀ rẹ̀, ẹ pa fèrèsé iwájú dé, ẹ ṣí tẹ̀yìn, kí ẹ kùn wọ́n lọ́sàn-án nígbà tí atẹ́gùn bá ti rọ̀. Wákàtí 24 láàárín ìkùn kan àti èkejì. Lọ́jọ́ ọyẹ́ tó bá mú gan-an, ẹ fi í sílẹ̀ dọ̀la.