Ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì àti ọ̀rọ̀-atọ́kùn rẹ̀ ń dà mí láàmú: ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn

Aládìrẹ Ìtòkú:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi, mo kí yín o. Àdìrẹ ni mo ń tà ní ọjà Ìtòkú níhìn-ín ní Abẹ́òkúta, mo sì ní àwọn oníbàárà ní òkè òkun tí ó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ̀wé sí ara wa lórí fóònù. Ní oṣù tí ó kọjá, ọ̀kan nínú wọn tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù kọ̀wé sí mi pé "I have to call off the second order." Mo mọ "call" dáadáa, pípè ni, mo sì rò pé ohun tí ó ń sọ ni pé òun yóò pè mí nípa aṣọ kejì. Mo dáhùn pé "No problem, I am waiting." Mo ń retí ìpè, mo ń ya ẹ̀kọ sí aṣọ, mo sì ti rẹ ọ̀pá mẹ́wàá sínú aró kí ó tó yé mi pé ńṣe ni ó fagi lé e. N kò lè dá a lẹ́bi, èmi ni mo ṣì í kà.

Ọmọ mi tí ó wà ní ilé-ìwé girama tún ka lẹ́tà mìíràn tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́, ó fa igi sí "discuss about" àti "request for", ó ní Gẹ̀ẹ́sì kò sọ bẹ́ẹ̀. Ṣé òfin kan wà tí ènìyàn lè tẹ̀ lé nínú ọ̀rọ̀ kéékèèké wọ̀nyí, àbí àkọ́sórí ni gbogbo rẹ̀?

Tíṣà Àgbà, Ìbarà:

Ẹ kú ọjà o, Ìyá Aládìrẹ. Mo kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún pípẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, ibi tí ẹsẹ̀ yín ti yọ̀ yìí náà ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mi ti máa ń yọ̀. Ọ̀rọ̀-atọ́kùn tiwa, ìyẹn irú ọ̀rọ̀ kéékèèké wọ̀nyí, kò pọ̀. "Ní" kan ṣoṣo ni a ń lò fún Abẹ́òkúta, fún ẹnu ọ̀nà, fún ọjọ́ Ẹtì àti fún aago méjì, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì yóò sọ pé "in Abeokuta", "at the gate", "on Friday" àti "at two o'clock". Nígbà tí a bá ń kọ̀wé, Yorùbá inú wa ni ó ń darí ọwọ́: a máa ń sọ̀rọ̀ nípa nǹkan, a wá kọ "discuss about", a máa ń béèrè fún nǹkan, a wá kọ "request for", a máa ń tẹnu mọ́ nǹkan, a wá kọ "emphasise on". Bẹ́ẹ̀, "discuss" ti gbé "nípa" mì: "We discussed the price." Àwọn méjì yòókù náà kì í fẹ́ alárinà láàárín àwọn àti àbọ̀ wọn, ìyẹn ohun tí ìṣe náà kàn.

Ẹ ṣọ́ra níhìn-ín, nítorí pé bí "request" bá di ọ̀rọ̀-orúkọ, "for" yóò padà wọlé, bíi "my request for payment", gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ "a discussion about" àti "emphasis on". Ohun tí a gbọ́ lára ọ̀rọ̀-orúkọ ni a ń gbé lọ bá ọ̀rọ̀-ìṣe. Ìdàkejì rẹ̀ náà wà: "retí mi" ni à ń sọ, kò sí nǹkan kan láàárín, ìdí sì nìyẹn tí ọmọdé fi ń sọ pé "I am waiting you", tí ó gbàgbé "for".

Akọ̀wé, Kútọ̀:

Mo bọ̀wọ̀ fún Tíṣà, ṣùgbọ́n lẹ́tà ni mo ń tẹ̀ ní ọ́fíìsì láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, "request for" ni àwọn ọ̀gá wa ń kọ, n kò sì rí èyí tí wọ́n dá padà nítorí rẹ̀ rí. Gbogbo wa ni a ń sọ pé "off the light", kò sì sí ẹni tí iná rẹ̀ kò kú.

Tíṣà Àgbà, Ìbarà:

Òótọ́ ni ẹ sọ, Akọ̀wé. "Request for" kò ba ọjà ẹnikẹ́ni jẹ́. Ẹni tí ó kà á yóò kàn mọ̀ pé èdè àbínibí wa kọ́ ni. "Call off" ni ó jẹ owó Ìyá Aládìrẹ. Ìṣòro méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ti kejì ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ dojú kọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá, Ọ̀síẹ̀lẹ̀:

Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo rò pé a ti ní irú nǹkan yìí nílé. A kì í sọ pé "ó bàjẹ́ aṣọ mi". "Ó ba aṣọ mi jẹ́" ni. Bákan náà ni "ó tàn mí jẹ". Àlejò tí ó mọ "tàn" ti oòrùn, tí ó sì mọ "jẹ" ti oúnjẹ, kò lè pa méjèèjì pọ̀ kí ó mọ̀ pé ẹ̀tàn ni à ń sọ. Ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là ni àwọn olùkọ́ wa ń pè é. "Call off" rí bẹ́ẹ̀, àti "put off" tí í ṣe sísún ọjọ́ síwájú, àti "turn down" tí í ṣe kíkọ ohun tí wọ́n fi lọ̀ wá.

Ìyàtọ̀ kan wà níbẹ̀. Ní tiwa, àárín ni àbọ̀ máa ń wà. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ lè kọ "call off the order" tàbí "call the order off", ṣùgbọ́n bí àbọ̀ bá jẹ́ arọ́pò-orúkọ, àárín ni ó gbọ́dọ̀ bọ́ sí: "call it off", kì í ṣe "call off it". "Look after", tí í ṣe títọ́jú nǹkan, kò ṣeé là ní tirẹ̀. "Look after it" ni títí láé. Nítorí náà, bí mo bá pàdé tuntun, mo máa ń fi "it" dán an wò kí n lè mọ agbo ilé tí ó ti wá.

Tíṣà Àgbà, Ìbarà:

Ọmọ mi, o ṣeun. Ọ̀nà tí o gbà là á yé ènìyàn ju èyí tí mo fi kọ́ni lọ. Mo fẹ́ fi kún un pé "up" máa ń ṣe iṣẹ́ "tán" nígbà mìíràn: "use up" ni lílò tán, "eat up" ni jíjẹ tán. Kò rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo, nítorí náà odidi gbólóhùn ni kí Ìyá Aládìrẹ máa kọ sínú ìwé, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Aládìrẹ Ìtòkú:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹ jọ̀ọ́, oníbàárà mìíràn kọ ọ́ láàárọ̀ yìí pé "Please hold on to the two blue ones." Lórí fóònù, "hold on" ni kí n dúró. Kí ni mo tún ń dúró dè? Ẹnìkan ti ń ná àwọn aṣọ náà lọ́wọ́ báyìí.

Tíṣà Àgbà, Ìbarà:

Ẹ má tà wọ́n o! "Hold on" nìkan ni "ẹ dúró ná". Bí "to" bá ti tẹ̀ lé e báyìí, ó ń bẹ̀ yín pé kí ẹ bá òun fi wọ́n pamọ́ ni.

Aládìrẹ Ìtòkú:

Háà! Mo ti gbà á lọ́wọ́ ẹni tí ó ń ná an. Ẹ wo èsì mi: "I will hold on to them. I look forward to hear from you."

Akọ̀wé, Kútọ̀:

"Hearing" ni, mà. "To" yẹn kì í ṣe "to" ti "I want to go". Ọ̀rọ̀-atọ́kùn ni, bí a ti ń sọ "I look forward to your letter". Èyí ni ọ̀gá mi kì í gbójú fò.

Aládìrẹ Ìtòkú:

Mo ti tún un ṣe, mo sì ti fi ránṣẹ́. Aṣọ méjèèjì ti wà nínú àpótí, mo ti kọ orúkọ rẹ̀ lé wọn.