Àbọ̀ ìbéèrè mi lórí Sr2RuO4: mo ti rí ìdáhùn

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣeun. Láti Àjàṣẹ́ níbí ni mo ti béèrè pé kí ló dé tí ìwọ̀n méjì tí wọ́n ṣe lórí ìrìn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù nínú Sr2RuO4, kírísítálì tí sítírọ́ńṣíọ́ọ̀mù, rùtẹ́níọ́ọ̀mù àti ọ́síjìn para pọ̀ di, tí iná mànàmáná ń gba inú rẹ̀ kọjá láìsí ìdènà tó bá tutù tó 1.5 K (nǹkan bíi -272 °C), kò fi bára mu. Èyí tí wọ́n fi agbára mágínẹ́ẹ̀tì ṣe sọ ọ̀tọ̀. ARPES, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ lé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù jáde, sọ ọ̀tọ̀. Mo rò pé ọ̀kan ṣì í ni.

Kò sí èyí tó ṣì í. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ìmọ́lẹ̀ lé kì í lè ti ibi jíjìn jáde. Nǹkan bíi nánómítà kan péré lábẹ́ ojú ni ARPES sábà ń rí. Mágínẹ́ẹ̀tì ń wo gbogbo inú. Ní ojú kírísítálì yìí, àwọn ọ́síjìn tó yí rùtẹ́níọ́ọ̀mù ká ti yí díẹ̀ kúrò ní ipò wọn, torí kò sí ohun tó dì wọ́n mú lókè mọ́. Ìrìn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ibẹ̀ náà wá yàtọ̀. Ẹ wo àkàrà ọjà Wàndó: ẹ̀wà kan náà ni, ṣùgbọ́n ojú tó kan epo ló gan.

Èyí ló dùn mọ́ mi jù: lọ́dún 2000, onímọ̀ físíìsì Damascelli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ la kírísítálì náà ní 180 K (nǹkan bíi -93 °C), dípò nínú otútù tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n tó fi ARPES wò ó. Àmì ojú rẹ̀ pa rẹ́, ti inú hàn kedere, ó sì bá ti mágínẹ́ẹ̀tì mu!

Ẹ̀gbọ́n tó ní kí n wo ìwọ̀n otútù tí wọ́n fi là á, ẹ ṣeun gan-an, ibẹ̀ gan-an ni. Mo ti pa ìbéèrè yìí dé.