Ẹja kékeré kan láti ọjà Olúwo: báwo ni mo ṣe lè ran ọmọ yìí lọ́wọ́?

Ìyá Ẹlẹ́ja, Ẹ̀pẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọbìnrin àbúrò mi ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹranko ní yunifásítì. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ó ń bá mi ṣa ẹja ní ọjà Olúwo, ó rí irú kan tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, tí ilà dúdú kan fà láti ẹ̀yìn orí rẹ̀ dé ìdí ìrù, ó sì ní òun kò rí i nínú ìwé kankan. Ó kó mẹ́fà sínú ìgò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ yàrá ìwádìí mọ́, wọ́n da gbogbo rẹ̀ nù láìbi í léèrè. Ó sunkún títí. Mo ní owó díẹ̀ nípamọ́. Ṣé kí n fi ra kọ̀ǹpútà fún un ni, àbí kí ni kí n fi ṣe fún un?

Olùkọ́, Ìkòròdú

Ìyá wa, Ọlọ́run á bù kún yín. Ẹ má tíì ra kọ̀ǹpútà. Kí ọmọ náà tó lè sọ pé ẹja kan jẹ́ tuntun, ó gbọ́dọ̀ fi í wé gbogbo ìbátan rẹ̀ tí wọ́n ti fún lórúkọ láti ọdún 1758, tí ìlànà orúkọ ẹranko ti Linnaeus, onímọ̀ ará Sweden, ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ orúkọ ló ní ẹja kan pàtó tó jẹ́ ẹlẹ́rìí rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní holotype, púpọ̀ nínú ti agbègbè wa ló sì wà ní ilé àkójọ ohun alààyè ní London àti Paris. Kí ó kọ́kọ́ kọ̀wé béèrè àwòrán wọn lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú wọn. Bí ó bá di pé ó gbọ́dọ̀ lọ fojú ara rẹ̀ wò ó, owó ìrànwọ́ Ernst Mayr tí wọ́n ń fúnni ní yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà wà fún irú ìrìnàjò bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Àgbádárìgì

Ẹ bá mi kí ọmọ náà. Ó dùn mí púpọ̀. Ìgò tó ní ìdérí líle, ẹ́tánọ́ọ̀lù (ọtí líle tí kì í jẹ́ kí ẹran jẹrà) àti pẹ́ńsùlù ni kí ẹ rà fún un. Kí ó gé ẹran díẹ̀ lára ẹja sínú ẹ́tánọ́ọ̀lù kí ó tó fi ìyókù sínú fọ́málíìnì, oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú ẹranko, nítorí fọ́málíìnì máa ń ba DNA, ohun àjogúnbá inú ara ẹja náà, jẹ́. Pẹ́ńsùlù ni kí ó fi kọ ibi àti ọjọ́ sínú ìwé pélébé tí yóò wà nínú ìgò, torí pé tàdáwà bírò máa ń ṣí. Lẹ́yìn náà, kí ó kó díẹ̀ lọ sí ilé àkójọ ohun alààyè ní yunifásítì Ifẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ má baà wà lójú kan.

Ojú yín pẹ̀lú níye lórí, Ìyá. Ọdún 2010 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ẹtu Walter lórúkọ, ẹtu tó ń gbé ní Tógò, Benin àti Nàìjíríà níbí, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹran ìgbẹ́ ni wọ́n ti rí púpọ̀ nínú ẹ̀rí rẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́ja, Ẹ̀pẹ́

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti bá apẹja tó kó o wá sọ̀rọ̀. Ó rántí ibi tí ó dẹ ìgèrè sí, níbi tí odò kékeré kan ti wọ inú ọ̀sà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò lọ, èmi ni n ó sì gbé ìgò dání.