Kí ni ìtumọ̀ «bulky», báwo sì ni a ṣe ń lò ó?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀yọ́ béèrè:
Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Àwọn tó ń di ẹrù sínú mọ́tò ní gáréèjì sábà máa ń sọ pé ẹrù kan jẹ́ «bulky» kí wọ́n tó bu owó lé e. Ṣé ohun tó bá wúwo ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, àbí ó yàtọ̀ sí «heavy»? Ẹ jọ̀wọ́, ṣé a tún lè lò ó fún ènìyàn?

Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì fèsì:
Àbúrò mi, àyè tí nǹkan ń gbà ni ọ̀rọ̀ yìí ń sọ, kì í ṣe bí ó ṣe wúwo tó. Wo oníṣòwò tó ń kó igbá fínfín láti Ọ̀yọ́ lọ sí Ìbàdàn: ó ti to àwọn igbá náà léra, ó fi àwọ̀n dì wọ́n, ọmọdé pàápàá lè gbé ẹrù náà nílẹ̀, síbẹ̀ kò lè gba ẹnu bùútù wọlé, àyè èrò méjì ni yóò sì gbà. «Bulky» ni ẹrù yẹn. Ọmọ owú alágbẹ̀dẹ, ní tirẹ̀, yóò wọ abẹ́ ìjókòó wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ gbé e yóò kọ́kọ́ di àmùrè; «heavy» ni ìyẹn. Firíìjì lè jẹ́ méjèèjì.

Láti ara «bulk» ni ó ti jáde, àwọn onímọ̀ èdè sì tọpa ìyẹn dé ọ̀rọ̀ kan tó túmọ̀ sí ẹrù ọkọ̀ ojú omi ní èdè àwọn ará Scandinavia àtijọ́. Lójú tèmi, àwọn onímọ́tò wa ń lò ó bó ṣe yẹ gan-an.

Oníṣòwò fèsì:
Olùkọ́, ẹ ṣeun. «In bulk» yàtọ̀ o: ẹni tó ra odindi páálí abẹ́rẹ́ ìránṣọ ti ra ọjà «in bulk», nítorí pé ó rà á lọ́pọ̀, bẹ́ẹ̀ kékeré ni ẹrù rẹ̀. Bí wọ́n bá sì kọ «the bulk of the money», èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà ni wọ́n ń sọ.

Ìyá Ìbejì fèsì:
Ní ti ènìyàn, wọ́n ń lò ó fún ẹni tó sanra tó sì fẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti sọ ọ́ lójú ẹni náà. Bí a bá ní ọkùnrin kan sígbọnlẹ̀, a yìn ín ni. «Bulky» kò ní ìyìn kankan nínú.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀yọ́:
Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Bí mo bá fẹ́ fi ẹrù méjì wéra ńkọ́?

Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì:
«Bulkier» ni kí o kọ. Èyí tó bá gbàyè ju gbogbo wọn lọ ni «bulkiest».