Ṣé mo lè ní kí wọ́n máa ṣàlàyé fún mi nígbà ìrọbí?

Ìyá Àbẹ̀kẹ́, Iléṣà:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Oyún kejì mi ti wọ oṣù kẹjọ. Nígbà tí mo ń rọbí àkọ́kọ́ ní ilé ìwòsàn kan, nọ́ọ̀sì kan tọwọ́ bọ abẹ́ mi láìsọ ohunkóhun, ó sì ń bá ẹnì kejì rẹ̀ sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni pé n kò sí níbẹ̀; nígbà tí mo figbe ta, ó ní, “Ṣé èmi ni mo fún ọ lóyún ni?” Ọmọ dé láyọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Bí mo bá ní kí wọ́n máa ṣàlàyé fún mi lọ́tẹ̀ yìí, ṣé wọn kò ní kà mí sí alárífín?

Agbẹ̀bí, Ilé-Ifẹ̀:
Àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní o, Ìyá Àbẹ̀kẹ́. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 2014 ní kí òṣìṣẹ́ ìlera, níbi tó bá ti ṣeé ṣe, fi èdè tí aláìsàn gbọ́ ṣàlàyé fún un, nítorí náà ẹ̀tọ́ yín ni. Kí n tó fọwọ́ kàn yín, ó yẹ kí n sọ pé mo fẹ́ wo bí ẹnu ilé-ọmọ ṣe ṣí tó, kí n gba àṣẹ lẹ́nu yín, kí n sì dúró bí ìrora bá dé. Bí mo bá wò ó tán, kí n sọ ohun tí mo rí. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2018 sọ pé ìgbà tí ẹnu ilé-ọmọ bá ṣí tó sẹ̀ǹtímítà 5 ni ìrọbí ń wọ ipele líle, àti pé láti ìgbà náà, bí kò bá sí ìṣòro, ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin ni kí a máa yẹ̀ ẹ́ wò. Obìnrin tí a bá ti sọ èyí fún kò ní rò pé a pa òun tì bí a kò bá tètè padà. Mo ti jágbe mọ́ aboyún rí, lóru ọjọ́ tí èmi nìkan ń tọ́jú obìnrin márùn-ún. Ojú ṣì ń tì mí.

Bàbá Ọlọ́mọmẹ́ta, Iléṣà:
Ìlànà yẹn kan náà fọwọ́ sí i pé kí ẹni tí obìnrin bá yàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àmọ́ ẹ tètè béèrè lọ́jọ́ àyẹ̀wò oyún, nítorí wọ́n lé èmi síta: obìnrin mẹ́rin ló wà nínú yàrá kan, kò sì sí kọ́tìnnì.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́, Iléṣà:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ọjọ́bọ̀ ni àyẹ̀wò mi, n óò béèrè, títí kan ti kọ́tìnnì. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni n óò mú dání. Ẹnu ìyá ọkọ mi mú ju ti nọ́ọ̀sì yẹn lọ.