Àyípadà oṣooṣù ń da bákọ́ọ̀pù wa rú, ẹ gbà mí o

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá ìdí kọ̀ǹpútà. Oṣooṣù ni àwọn tó ń bá wa tọ́jú bákọ́ọ̀pù, ìyẹn ẹ̀dà dátà wa, sórí cloud (kọ̀ǹpútà wọn tí à ń lò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) ń fi nǹkan tuntun kún un. Ti oṣù yìí ń dá kó fáìlì tó bá ti pẹ́ lọ sí archive, ìyẹn ibi ìpamọ́ fún fáìlì tí a kì í sábà lò. Owó rẹ̀ kéré lóòótọ́, àmọ́ fáìlì kì í yá jáde níbẹ̀: ní S3 Glacier Deep Archive, irú archive kan tí Amazon ní, ó lè tó wákàtí 12, bí ẹ bá sì pa á rẹ́ kó tó pé ọjọ́ 180, ẹ ṣì máa sanwó ọjọ́ tó kù.

Báwo lẹ ṣe ń dá irú àyípadà báyìí dúró títí ẹ ó fi dán an wò? Àbí ẹ máa ń ka gbogbo àlàyé wọn ni? (Ta ló ráyè!)