Bíìtì dírììlì mélòó ni ìṣó ti jẹ lọ́wọ́ yín?

Oníná Houston:
Ẹ̀yin oníṣẹ́ iná ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́. Ilé búlọ́ọ̀kù la mọ̀ níbẹ̀: fi ṣísẹ́lì la ògiri, tẹ́ páìpù sí i, fi sìmẹ́ǹtì dí i. Ìgbà tí mo dé Houston, wọ́n mú mi dé ilé kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dúró, igi ni gbogbo egungun rẹ̀ látòkè délẹ̀. Mo bèèrè ṣísẹ́lì. Ẹ̀rín pa wọ́n.

Ihò la máa ń lu sínú igi wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan kí wáyà lè gba inú wọn kọjá, ihò náà sì pọ̀ ju ohun téèyàn ń kà lọ. Mo lọ ra bíìtì, irin ẹnu dírììlì tó ń lu ihò, oríṣi pẹlẹbẹ tó rí bí àjẹ̀ ọkọ̀ ojú omi, mẹ́fà nínú páálí kan, owó táṣẹ́rẹ́. Ọjọ́ kìíní lọ dáadáa. Lọ́jọ́ kejì mo kan ibi tí káfíńtà ti fi ìṣó gán igi méjì pọ̀. Iná ṣẹ́ pàrà, etí bíìtì kan fò lọ. Mo ń fi èjìká ti ìyókù, igi ń rú èéfín bí ibi tí wọ́n ti ń yan àgbàdo, bíìtì ò wọlé. Ìgbà tó fi máa di Jímọ̀, ẹyọ kan ló kù.

Ọ̀gá tí mo wà lábẹ́ rẹ̀ ò bá mi jà. Ó na èyí tó lọ́ bí ìwo àgbò sí mi. Síkúrù kékeré kan wà lórí rẹ̀ tó ń fa gbogbo bíìtì wọnú igi. Iṣẹ́ tìẹ kò ju kí o di dírììlì mú lọ. Owó ẹyọ kan rẹ̀ tó páálí mẹ́ta tèmi. Ó bá mi parí ilé yẹn, ó tún bá mi ṣe mẹ́ta mìíràn. Òun náà kan ìṣó o, ó gé òmíràn kọjá. Síkúrù orí rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ: nígbà tí eyín rẹ̀ pá tán, kò fa mọ́.

Kí lẹ̀yin fi ń lu igi tiyín? Kí ló sì máa ń pa á?

Àǹtí Peckham:
Ilé àtijọ́ ni tèmi, ní London níbí. Igi abẹ́ pákó ilẹ̀ ni mo ń lu, igi tó ti gbẹ láti ayé bàbá ńlá ẹnìkan, ó le bí egungun. Ẹ má bínú sí mi, bíìtì pẹlẹbẹ ni mo ṣì fẹ́ràn jù, bí mo bá ti rí i pé ìṣó ò sí níbẹ̀. Ó yá lọ́wọ́, mi ò sì ní sunkún bó bá kú.

Ibi tó há ni wàhálà mi. Àlàfo láti igi kan sí èkejì kò ju nǹkan bíi 350 mìlímítà lọ, dírììlì àti bíìtì gígùn kì í jọ gba ibẹ̀. Ẹni tó bá fi tipátipá tì í wọlé, ihò á fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ti ṣe é rí. Bíìtì onísíkúrù gígùn ni mo mú, mo sì gún un bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú fífì rẹ̀. Síkúrù ò mọ ibi tí igi parí sí. Bó ṣe yọ lódìkejì, páìpù omi ló bá pàdé. Àjà yàrá ìjókòó onílé ń kán tó, tó, tó, èmi ń sáré wá ibi tí wọ́n ti ń ti omi. Láti ọjọ́ náà, bíìtì kúkúrú ni mò ń rà fún abẹ́ ilẹ̀, pẹ̀lú dírììlì ọlọ́rùn títẹ̀.

Ẹ má gbàgbé ìwọ̀n o: ihò ò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́rin gíga igi lọ, kó wà láàárín gbùngbùn gíga náà, kí wáyà sì fi 50 mìlímítà jìnnà sí etí igi lókè àti nísàlẹ̀.

Oníná Houston:
Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Tiwa níbí, 1¼ íǹṣì ni láti etí igi dé etí ihò. Igi tí wọ́n ń pè ní 2x4, 3½ íǹṣì ni fífẹ̀ rẹ̀ gan-an. Bí ẹ bá lu ihò íǹṣì kan sáàárín, 1¼ géérégé ló kù lọ́tùn-ún lósì. Bó bá yà bíńtín, irin pẹlẹbẹ lẹ máa kàn mọ́ ọn kí síkúrù àwọn tó ń kan ògiri má bàa gún wáyà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń lo bíìtì 3/4 íǹṣì. Bíìtì tí ẹnu rẹ̀ ti kú ló sì máa ń yà. Wolé-wolé kan dé lọ́jọ́ kan, ó fi téèpù wọn ogún ihò, ó ní kí n lọ kan irin sí mọ́kànlá. Gbogbo mọ́kànlá náà, bíìtì kan náà ló lu wọ́n.

Onípáìpù Chicago:
Inú páìpù irin la ń gba wáyà kọjá níbí. Wáyà á tẹ̀ bí ihò bá yà. Páìpù ò mọ̀ ọ́n tẹ̀. Ẹ máa gbàdúrà fún wa.

Ọmọ Iṣẹ́ Maryland:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹnikẹ́ni ò tíì sọ ti ọrùn ọwọ́. Mo fi bíìtì onísíkúrù sínú dírììlì bátìrì 18 fólìtì, mo fi sí jíà tó ń yára, mo fi ọwọ́ kan dì í mú. Ó kan kókó igi. Bíìtì dúró, dírììlì yí, èmi náà yí tẹ̀lé e, lórí àkàbà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mi ò fi lè gbé ife tíì. Jíà tó rọra ni o, kí ẹ sì fi ọwọ́ kejì di ìmú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ìbéèrè mi rèé: igi tí wọ́n fi gúlúù lẹ̀ pọ̀ ní ìpele ìpele yẹn, kí ló dé tó ń jẹ ẹnu bíìtì mi bẹ́ẹ̀? Mi ò kan ìṣó kankan nínú rẹ̀.

Káfíńtà Ìbàdàn:
Mo ti ń ka yín bọ̀ láti òkè. Ẹ ń pariwo ìṣó bíi pé òun nìkan ni ọ̀tá. Ṣé ẹ ti lu ìrókò rí? Òkúta wà nínú ìrókò, mi ò pa á lówe: nǹkan funfun líle tó dì sínú igi, o ò lè rí i lóde. Ó ti ká eyín lẹ́nu ayùn mi. Gúlúù tí àbúrò mi ń sọ, ìṣe rẹ̀ jọ bẹ́ẹ̀. Ó ti gan, ó le, kò sì ní ṣẹ́ bíìtì rẹ, ńṣe ló ń ha ẹnu rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo yín, kò sẹ́ni tó dárúkọ fáìlì tí a fi ń pọ́n irin! Àbí ẹ ti ń jù wọ́n nù ni? Bíìtì ìwo àgbò yẹn, ẹ mú fáìlì tín-ín-rín, ẹ fi pọ́n ẹnu tó ń gé igi, láti inú. Fífà mẹ́ta mẹ́rin ti tó. Ẹ má fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀ lóde. Ẹni tó bá pọ́n ọn lóde ti sọ ọ́ di tín-ín-rín lẹ́nu, ihò tó bá lu ò ní gba ìyókù ara bíìtì, á há síbẹ̀. Tí síkúrù orí rẹ̀ bá ti pá, ìyẹn nìkan ni mo gbà pé ó kú. Bó bá sì jẹ́ igi àtijọ́, ẹ fi òòfà wá ìṣó lára rẹ̀ ná.

Oníná Houston:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wí, mo sì gbà. Mo tú báàgì mi lánàá. Bíìtì ìwo àgbò mẹ́rìnlá ni mo rí nísàlẹ̀ rẹ̀ tí mo ti kà mọ́ òkú, mẹ́sàn-án nínú wọn ni síkúrù wọn ṣì pé. Mo ra fáìlì lálẹ́, mo pọ́n méjì. Ọ̀kan ń jẹ igi bí ẹni tó jí lójú oorun. Èkejì, ìta ni mo ti pọ́n kí n tó ka ọ̀rọ̀ yín dópin. Ó wà nínú 2x4 kan báyìí bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, kò lọ, kò bọ̀.